Ìyá Ilé Adádúró: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Kọ́là

Yàrá ẹ̀yìn ilé alájà kan tó kọjú sí ojú irin ni wọ́n ti bí màmá wa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1944. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ń kọjá lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ariwo rẹ̀ sì bo ẹkún àkọ́kọ́ wọn mọ́lẹ̀, débi pé bàbá wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò mọ̀ pé ọmọ ti dé, títí ìyá àgbà fi jáde wá fọwọ́ kàn án léjìká. Bàbá yìí ni òṣìṣẹ́ tó ń ti ìdènà ojú ọ̀nà bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, tó sì ń ṣí i bó bá ti kọjá. Ìyá wọn ni alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ aṣọ funfun. Ìyá bàbá wọn ló ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin òpópónà náà láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ onídènà ojú irin ni màmá wa, ọmọ alágbàfọ̀, ọmọ-ọmọ agbẹ̀bí. Àwọn ni ọmọ kejì nínú márùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn ni àkọ́bí obìnrin, iṣẹ́ ilé sì tètè mọ orúkọ wọn.

Ibi tí ìyá wọn ti ń fọṣọ ni Màmá ti kọ́kọ́ mọ ẹ̀wù. Wọ́n mọ̀ pé kọ́là, ìyẹn ọrùn ẹ̀wù, ló ń kọ́kọ́ dọ̀tí, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ gbó. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, bí kọ́là oníbàárà kan bá ti já lójú, wọ́n á tú u jẹ́jẹ́, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á rán an padà, ẹ̀wù á sì dà bí tuntun. Ìgbà tó yá, àwọn èèyàn ń gbé ẹ̀wù tí kò dọ̀tí rárá wá sílé alágbàfọ̀.

Ní ọdún 1950 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní òdìkejì ojú irin. Ìṣirò ló dùn mọ́ wọn jù. Wọ́n tẹ̀síwájú sí ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì lo ọdún méjì níbẹ̀ kí ojú bàbá wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Onídènà tí kò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ kò lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kó lọ sinmi, ohun tó ń wọlé sì dín kù gan-an. Olùkọ́ ìṣirò wá bá àwọn òbí wọn nílé. Ó jókòó sórí àpótí nínú yàrá tí aṣọ oníbàárà kún dẹ́nu, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má mú ọmọ yìí kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ìyá wọn fetí sílẹ̀ títí ó fi parí, ó ní òun gbọ́, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló ṣì wà lẹ́yìn ọmọ yìí. Màmá máa ń sọ ìtàn yìí fún wa láìfajú ro. Ohun tó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹ̀wù tí olùkọ́ náà wọ̀ wá, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi yí kọ́là rẹ̀ padà, ọkùnrin náà kò sì mọ̀.

Ní ọdún 1961, wọ́n gbà wọ́n sí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́wù tó wà lẹ́yìn ọgbà rélùwéè. Gbọ̀ngàn gígùn ni, fèrèsé rẹ̀ ga débi pé ojú ọ̀run nìkan lèèyàn ń rí. Ìlà ìlà ni wọ́n to ẹ̀rọ ìránṣọ sí, ohun kan ṣoṣo sì ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń rán láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ìlà kan ń rán ọwọ́, ìlà kan ń rán àpò, ìlà kan ń pa ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ iwájú. Kọ́là ni wọ́n fi màmá wa sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti gba orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, Màmá Kọ́là. Ẹni tí kò bá mọ ìdí á rò pé àkọ́bí wọn ló ń jẹ́ Kọ́lá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá béèrè pé Kọ́lá ńkọ́, Màmá á nawọ́, wọ́n á tún ọrùn ẹ̀wù onítọ̀hún ṣe, wọ́n á ní, "Òun rèé. Ó ti wọ́." Wọ́n ti ṣe é fún ọ̀gá báńkì. Wọ́n ti ṣe é fún ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ wa dúró. Wọ́n ṣe é fún pásítọ̀ lójú gbogbo ìjọ ní ọjọ́ ìgbéyàwó àkọ́bí wọn.

Ẹni tó jókòó tẹ̀ lé wọn ní ilé iṣẹ́ náà ni obìnrin kan tó ń gán bọ́tìnnì, ìyẹn Ìyá Bọ́tìnnì, tó wà láàárín wa lónìí. Ọ̀rẹ́ tí àwọn méjèèjì bá ara wọn ṣe ju ti ọmọ ìyá lọ. Wọ́n ń pín oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ń pín agboòrùn, wọ́n sì ń pín ìbínú sí ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó ìlà wọn.

Ilé iṣẹ́ yìí náà ni Màmá ti pàdé bàbá wa. Ẹ̀rọ tí Màmá ń lò kò bàjẹ́ rí. Ní ọdún 1964 tí mẹkáníìkì tuntun dé, ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá obìnrin wò ó títí, ó ní kí wọ́n kúkú gbé e sún mọ́ tábìlì mẹkáníìkì kí ara rẹ̀ lè tètè yá. Bàbá wa kò jẹ́wọ́ fún wa rí pé òun mọ̀ pé Màmá ló ń mọ̀ọ́mọ̀ há òwú sí i lẹ́nu. Màmá náà kò sì jẹ́wọ́ rí. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 1966, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn: obìnrin, ọkùnrin, obìnrin.

Yàrá méjì ni a gbé dàgbà, àgbàlá rẹ̀ kéré, igi kan sì wà níbẹ̀ tí a máa ń so okùn aṣọ mọ́. Títí di òní, bí a bá gbọ́ òórùn òróró ẹ̀rọ, ilé yẹn ni ọkàn wa ń lọ. A rántí ọjọ́ Sátidé tí Bàbá á tú aago, fáànù, tàbí rédíò aládùúgbò sórí tábìlì oúnjẹ, tí Màmá á jókòó sí apá kejì tábìlì náà, tí wọ́n á máa lẹ aṣọ wa. Àwa ọmọ á máa ṣa fọ́nrán òwú kúrò lára wọn. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí irin kan bá jábọ́ láti ọwọ́ Bàbá, Màmá á gbé ẹsẹ̀ sókè láìwo ilẹ̀, kí ó lè rí i mú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, a wá rí i pé bí ìdùnnú ṣe rí nìyẹn.

Ní ọdún 1984, wọ́n ti ilé iṣẹ́ ẹlẹ́wù náà pa. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n dé ẹnu géètì tí wọ́n bá ṣéènì lára rẹ̀. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ kò ní owó oṣù ìkẹyìn tí wọn yóò san tán, wọ́n wá ní ẹni tó bá fẹ́ lè mú ẹ̀rọ ìránṣọ ògbólógbòó kan dípò ohun tó kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú lọ. Màmá, Ìyá Bọ́tìnnì àti obìnrin méje mìíràn mú ẹ̀rọ. Bàbá wa fi ọmọlanke kó àwọn ẹ̀rọ náà dé ilé búrẹ́dì àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, ó sì tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Èéfín ti sọ ògiri ibẹ̀ di dúdú kirikiri. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn obìnrin náà fi fọ ògiri, kí wọ́n tó lè tẹ́ aṣọ funfun síbẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n jókòó láti rán ẹ̀wù ni wọ́n rí ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀. Nínú wọn, kò sí ẹni tó mọ odindi ẹ̀wù rán. Ẹni tó ti fi ogún ọdún rán ọwọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ àpò. Ẹni tó mọ àpò kò mọ bí wọ́n ṣe ń géṣọ. Ojú kọ́kọ́ tì wọ́n, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbà wọ́n. Màmá wá ní kí oníkálukú kọ́ àwọn yòókù ní tirẹ̀. Ẹ̀wù àkọ́kọ́ tí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ rán, apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ju tòsì lọ dáadáa. Bàbá wa ni wọ́n fún. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi, ó ká apá ọ̀tún sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé ìparí, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó kí i pé ẹ̀wù náà bá òun mu.

Láti inú ìkọ́ra-ẹni yìí ni Ilé Adádúró ti jáde ní ọdún 1985. Wọn kò dá a sílẹ̀ fún èrè, kò sì ní olówó tó ni ín. Ìlànà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, á wá kọ́ odindi ẹ̀wù láti ìgéṣọ dé bọ́tìnnì láìsan owó ẹ̀kọ́. Bí ó bá mọ̀ ọ́n tán, ilé náà á fún un ní ẹ̀rọ gbé lọ sílé, á sì máa san owó ẹ̀rọ padà díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ohun tó bá san ni wọn yóò fi ra ẹ̀rọ fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ẹ̀wù tí wọ́n bá tà, ilé ló máa ń padà sí, fún òwú, iná àti owó ilé. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á dá gbogbo ẹ̀rọ dúró, wọ́n á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sókè fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó dé lánàá lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọdébìnrin kan béèrè nígbà kan pé ta ló ń lá ṣúgà tó pọ̀ tó báyìí. Màmá sì ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń mú ṣúgà tiwọn wá láti ilé nínú agolo kékeré.

Báyìí ni ilé náà ṣe rìn fún bí ọdún mọ́kànlá, kò tóbi, kò sì ṣubú. Ní òpópónà wa nìkan, a lè rìn láti ìkángun kan dé èkejì kí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ má dá létí wa. Àwọn kan rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan rán kọ́tìnnì, ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ ẹlẹ́wù tẹ́lẹ̀ di ẹni tí gbogbo ìyàwó tuntun ń wá lọ.

Ní ọdún 1996, àjọ aláàánú ńlá kan gbọ́ nípa wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣojú àjọ náà wá, ó bọ̀wọ̀ fún gbogbo èèyàn, ó jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ó sì mú ìròyìn ayọ̀ wá. Àjọ wọn yóò gba ilé tó dára fún wọn, yóò fún wọn ní ọkọ̀, yóò máa san owó oṣù àwọn olùkọ́, yóò sì ra ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun. Ohun kan ṣoṣo ló rọ̀ mọ́ ọn: ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n máa fún àwọn tálákà ní ẹ̀rọ, kí wọ́n má gba nǹkan kan padà mọ́.

Inú Màmá dùn. A kò fẹ́ fi èyí pa mọ́, nítorí àwọn fúnra wọn kò fi pa mọ́ nígbà ayé wọn. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń ká aṣọ kúrò nílẹ̀ nítorí òrùlé tó ń jò. Ìyá Bọ́tìnnì nìkan ló dìde nínú ìpàdé.

"Bí wọn ò bá san nǹkan kan padà," ó ní, "kí la máa fi ra ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Màmá dá a lóhùn pé owó ń bọ̀ láti ibòmíì, kí ló wá kù tí wọ́n á máa dààmú aláìní sí? Ìyá Bọ́tìnnì ní owó tó ń bọ̀ láti ibòmíì, ibòmíì náà ló mọ ọjọ́ tí kò ní í wá mọ́. Ọ̀rọ̀ di gbólóhùn asọ̀. Màmá sọ pé ọ̀rẹ́ àwọn kò fẹ́ kí ilé náà tóbi ju òun lọ. Ìyá Bọ́tìnnì gbé àpótí tó máa ń jókòó lé, ó sì lọ sílé. Àwọn yòókù gba ẹ̀bùn àjọ náà, wọ́n sì kó lọ sí ilé ńlá. Òpópónà kan náà ni Màmá àti Ìyá Bọ́tìnnì jọ ń gbé, ilé mẹ́fà ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n odindi ọdún mẹ́ta kọjá tí àwọn méjèèjì kò kí ara wọn. A rí Màmá láwọn ọdún wọ̀nyẹn, tí wọ́n á fẹ́ sọ nǹkan apanilẹ́rìn-ín, tí wọ́n á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn, tí wọ́n á sì rántí pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ní ọdún 1999, ọ̀dọ́kùnrin náà padà wá. Ọmọ dáadáa ni, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò sùn. Ó ní àwọn tó ń fún àjọ òun lówó ti kọjú sí iṣẹ́ àánú mìíràn, ìrànlọ́wọ́ náà yóò sì parí ní ìparí ọdún. Kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Màmá bu omi fún un mu, wọ́n sì sìn ín dé ibi ọkọ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá hàn kedere. Owó ilé ńlá wà nílẹ̀ láti san. Àwọn olùkọ́ mẹ́rìnlá ń retí owó oṣù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti fún èèyàn pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń mú òmíràn wá. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kọ́ṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Àkọ́bí wa, tó ti di àkáńtáǹtì nígbà náà, wá láti yẹ ọ̀rọ̀ owó ilé náà wò. Nígbà tó parí, ó jókòó ti Màmá nínú ọ́fíìsì tí fáànù tuntun ti ń yí lórí wọn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká tì í," ó ní. "Ẹ ti ṣe tiyín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Màmá bi í bóyá ó ti jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Bọ́tìnnì. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọ àtẹ̀gùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu.

Màmá ní, "Ohun tí o sọ lọ́jọ́ sí, òótọ́ ni. Mo sì sọ̀rọ̀ burúkú sí ọ. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

Ìyá Bọ́tìnnì kò gbójú sókè. Ó ní, "Gba ẹ̀gbẹ́ ibí kọjá. Má tẹ ibi tí mo ti fọ̀."

Màmá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, wọ́n wọlé, ọ̀rẹ́ wọn sì po ohun mímu gbígbóná fún wọn. Ṣúgà mẹ́rin ló fi sí i, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń mu ún. Wọ́n jókòó títí di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n jáde, Ìyá Bọ́tìnnì ló gbé àpótí rẹ̀ dání.

Wọ́n ta ọkọ̀. Wọ́n fi ilé ńlá sílẹ̀, wọ́n padà sí ilé búrẹ́dì, wọ́n sì tún ògiri rẹ̀ fọ̀. Màmá kò gba owó oṣù kankan mọ́. Èyí tó nira jù ni pé wọ́n ní láti lọ bá gbogbo ẹni tó ti gba ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, láti ilé dé ilé. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni san nǹkan kan, ohun tí Màmá sì ń kọ́kọ́ sọ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Wọ́n á ní ẹ̀bùn ni, ẹ̀bùn ló sì jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó ń dúró bí ìwọ náà ṣe dúró. Àwọn kan tìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Obìnrin kan sọ pé wọ́n kàn fẹ́ gba ohun tí Ọlọ́run fún òun ni. Màmá a máa bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bọ́ bàtà, Bàbá á gbé omi gbígbóná síwájú wọn kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kò sì ní í béèrè bó ṣe lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣílẹ̀kùn pọ̀ ju àwọn tó tì í lọ. Àwọn míì san díẹ̀, àwọn míì ní àwọn yóò máa wá kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ tó ti di aránṣọ ìyàwó, ẹni tí kò tilẹ̀ sí lára àwọn tó gba ọ̀fẹ́, gbé ẹ̀rọ méjì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ṣọ́ọ̀bù òun ti há jù. Irọ́ ni. A mọ ṣọ́ọ̀bù náà, àyè wà níbẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ọdún 2000, nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn àdúgbò ráhùn fún Màmá lẹ́yìn ìsìn pé aṣọ ibùsùn tí wọ́n ń rà fún àwọn kì í pẹ́ ya. Màmá ní kó fún àwọn ní ẹyọ kan kí àwọn wò ó. Wọ́n tú u, wọ́n rí i pé ìgbátí rẹ̀ kò ká délẹ̀, wọ́n rán òmíràn, wọ́n sì ní kí ilé ìwòsàn fọ̀ ọ́ títí yóò fi sú wọn. Kò ya. Iṣẹ́ aṣọ ibùsùn di ti Ilé Adádúró, iṣẹ́ aṣọ àwọn aláìsàn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn èyí ni ilé ẹ̀kọ́ méjì dé. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí ẹ̀rọ.

Ní Sátidé kan ní ọdún 2003, àkọ́bí wa ló dúró ka ọ̀rọ̀ owó náà. Ó dé ìlà ìkẹyìn. Nínú gbogbo ọdún náà, wọn kò gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo owó tí wọ́n ná ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa, díẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Ìyá Bọ́tìnnì ní, "Tún un kà."

Ó tún un kà. Màmá ti bojú sápá. Láti ìgbà náà títí di òní, àkọ́bí wa kò tún sọ pé kí wọ́n ti ilé náà mọ́. Òun ló ń bá wọn ṣe àkáńtì rẹ̀, kì í sì í gbowó.

Lẹ́yìn èyí, Ilé Adádúró kò kọ ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n Màmá ní kí wọ́n máa lo ẹ̀bùn fún ohun tí iṣẹ́ kò ní í dúró bí kò bá sí: ọ̀dà, fáànù, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Wọn kò tún fi san owó iná tàbí owó ilé.

Ní ti ìgbàgbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Màmá náà ni wọ́n ń lọ títí dé òpin. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kì í bá ti àwọn yòókù rìn. Olórí akọrin, onísùúrù èèyàn, rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi ọkàn kọ ọ́ ju ẹnu lọ. Kò sí ẹni tó dábàá pé kí wọ́n kúrò, nítorí àwọn ló ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin.

Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní ọdún 2009. Màmá mú sùpánà rẹ̀ tó kéré jù, wọ́n fi sínú báàgì tí wọ́n máa ń gbé jáde, ibẹ̀ ló sì ń gbé láti ìgbà náà. Bí ẹ̀rọ kan bá dá dúró ní ilé iṣẹ́, wọ́n á fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ní sùpánà náà, wọ́n á dúró tì í títí á fi lò ó tán, wọ́n á sì gbà á padà.

Ní ọdún 2012, wọ́n gbé iṣẹ́ olórí sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n kọ́. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ. Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á máa tú ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá rán wọ́. Wọ́n ní ojú àwọn kò tó rán mọ́, ṣùgbọ́n ìka ṣì mọ ibi tí okùn ti yẹ̀. Ìyá Bọ́tìnnì ń jókòó tì wọ́n, àwọn méjèèjì a sì máa rẹ́rìn-ín ohun tí wọn kì í sọ fún ẹlòmíràn.

Àìsàn ìkẹyìn kò pẹ́. Nínú rẹ̀, wọ́n béèrè gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì súre fún wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Màmá wa fi ayé sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: àkọ́bí obìnrin tó jẹ́ àkáńtáǹtì, ọmọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì, àti àbígbẹ̀yìn tó jẹ́ olùkọ́. Wọ́n fi ọkọ ọmọ méjì àti ìyàwó ọmọ kan sílẹ̀, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti àtọmọdọ́mọ méjì. Àbúrò méjì àti Ìyá Bọ́tìnnì, ọ̀rẹ́ àti arábìnrin wọn, ṣì wà láyé. Wọ́n sì fi Ilé Adádúró sílẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta tí Màmá lọ, obìnrin kan kànkùn ilé wa. A kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ti wọ ọkọ̀ láti ìlú tó jìnnà, ó gbé ọmọ kan pọ̀n, ó sì mú òmíràn lọ́wọ́. Ó ní òun kò bá Màmá pàdé rí. Ẹnì kan ló kọ́ òun níṣẹ́, ẹni náà sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí Màmá kọ́. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí ni. A mú àwòrán wọn wá láti ara ògiri. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì gbé ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè kí ọmọ náà lè rí i.

Ó ní, "Ìyá wa nìyí."

Ẹ sùn ire o, Màmá. Ẹ sinmi ọwọ́ àti ojú. Kí Olúwa tẹ́ ibùsùn ire fún yín, kó sì mú wa ríra lẹ́sẹ̀ Rẹ̀ láyọ̀.